Kọ̀ǹpútà Tó Dákú: Ìwé Ni Kí A Kọ́kọ́ Yọ

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kì í ṣe lórí ẹ̀yáwó, kì í sì í ṣe lórí èlé, ṣùgbọ́n ó kan owó gbogbo wa. Ó dá lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Bó bá ṣàdédé kú mọ́ wa lọ́wọ́, tí a tẹ bọ́tìnì rẹ̀ títí tí kò jí, kí ni ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe? Kí sì ni ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe rárá?

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé a sún ìpàdé ìpín èrè wa ti ọdún tó kọjá síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àwa ìgbìmọ̀ kò sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún fún yín. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ báyìí. Ẹni tó bá fi ìtìjú bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò tún un ṣe ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, akọ̀wé wa ń kọ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ san padà sínú kọ̀ǹpútà. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti gbó, kì í gba iná dúró mọ́. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń gbé e. Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, ohun gbogbo kú lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a rọ epo mìíràn tí a sì tún tan kọ̀ǹpútà, iná rẹ̀ tàn, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é yọ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ di búlúù, ó kú. Ó tún gbìyànjú, ó tún kú. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ náà mọṣẹ́, kò sì tàn wá jẹ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Kékeré ni. Mo máa fọ́mààtì ẹ̀, mo máa fi Windows tuntun sí i. Kẹ́ ẹ tó jẹun ọ̀sán, ẹ ti gbé e lọ.” Inú gbogbo wa dùn, àfi ìyá akápò wa. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ìwé àwọn èèyàn tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́, ọmọ mi?”

Ọmọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ ò ní ẹ̀dà ẹ̀ níbòmíì ni, Mà?”

Ẹ̀dà wà lóòótọ́, lórí fíláàṣì, ṣùgbọ́n ó ti pé oṣù mẹ́rin tí a ti ṣe é gbẹ̀yìn. Oṣù mẹ́rin owó ìfipamọ́, ẹ̀yáwó àti owó tí a san padà, ti ọmọ ẹgbẹ́ 83! Ìyá akápò gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò nu ohunkóhun nínú rẹ̀ títí a ó fi yọ ìwé.

Ẹ̀kọ́ kìíní rè é. Fọ́mààtì túmọ̀ sí pé kí a nu dísìkì kọ̀ǹpútà nù bí ìgbà tí tíṣà bá nu pátákó ìkọ̀wé. Ẹ̀rọ á jí, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kọ̀ǹpútà tó kú ni làpálàpá, ìwé ìṣirò tó fẹ́ sọnù ni ẹ̀tẹ̀. Kọ̀ǹpútà ṣeé rà lọ́jà. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́rin kò sí ní ìsọ̀ ẹnikẹ́ni.

IBODÈ MÁRÙN-ÚN

Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà tí kò jí ló kú. Òmíràn dákú lásán ni. Ìrìn àjò ni jíjí kọ̀ǹpútà, ó sì ní ibodè márùn-ún tó gbọ́dọ̀ kọjá. Ìkíní, kí iná dé inú rẹ̀. Ìkejì, kí ó yẹ ara rẹ̀ wò, kí ojú rẹ̀ sì tàn. Ìkẹta, kí ó rí dísìkì rẹ̀, ibi tí ohun gbogbo wà ní ìpamọ́. Ìkẹrin, kí ó gbé Windows dìde láti orí dísìkì náà. Ìkarùn-ún, kí ó dúró lẹ́nu iṣẹ́ láì kú padà. Ẹni tó bá mọ ibodè tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ há sí, ó ti mọ ìdajì àìsàn rẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a mú bírò àti ìwé. Iná rẹ̀ tàn àbí kò tàn? Ǹjẹ́ fáànù rẹ̀ ń yí? Ó ha dún pííìn bí? Ẹ̀ẹ̀melòó ni? Kí ni ó kọ sójú rẹ̀? Kí a fi fóònù ya àwòrán ohun tó kọ, nítorí oníṣẹ́ yóò bi wá.

Ibodè kìíní: kò sí iná rárá. Ẹ má tíì sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ fi ṣájà fóònù tàbí gílóòbù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, bóyá iná wà níbẹ̀. Ẹ wo okùn ṣájà, bóyá ó ti já nínú. Bí ẹ bá fẹ́ yá ṣájà ẹlòmíràn, ẹ ka ohun tí a kọ sẹ́yìn rẹ̀. Lórí àwọn ṣájà tí ẹnu wọn rí roboto, iye tó wà níwájú V, bíi 19V, 19.5V tàbí 20V, gbọ́dọ̀ bá ti tiyín mu. Iye tó wà níwájú A kò gbọdọ̀ kéré sí ti tiyín. Ẹnu tó wọlé nìkan kò tó.

Bí ṣájà bá dára tí kò sì jí, ẹ yọ ṣájà náà, ẹ yọ fíláàṣì, máọ̀sì àti gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Bí bátìrì rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ṣeé yọ láti ìta, ẹ yọ òun náà. Ẹ wá tẹ bọ́tìnì títan mọ́lẹ̀, ẹ ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n, kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Iná díẹ̀ tó há sínú ẹ̀rọ yóò gbẹ. Ẹ fi ṣájà nìkan sí i, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fẹ́ sin ti jí báyìí lójú wa.

Ìkìlọ̀ kan: bí ikùn kọ̀ǹpútà bá wú, tàbí tí ìdérí rẹ̀ kò pa dé dáadáa mọ́, bátìrì ló wú yẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì fi ṣájà sí i. Ó lè gbiná.

Ibodè kejì: iná tàn, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣú dùdù. Ẹ gbé e wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, a jẹ́ pé iná ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ló kú, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ fi okùn HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí ohun gbogbo bá hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ṣọpẹ́. Ẹ da ìwé yín kọ sórí fíláàṣì lójú ẹsẹ̀, ìyẹn kí ẹ tó ronú àtirà ojú mìíràn.

Bí tẹlifíṣọ̀n náà bá ṣófo, tí ẹ̀rọ sì ń dún pííìn léraléra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ RAM rẹ̀ ló yẹ̀ lójú ihò. Ohun pẹlẹbẹ kékeré ni RAM, òun ni kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò yọ ṣájà àti bátìrì, yóò ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, yóò yọ RAM, yóò nù ún, yóò sì tì í padà kó wọlé ṣinṣin. Bó bá jẹ́ méjì, kí ó dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó fẹ́lẹ́ ti òde òní, wọ́n sábà máa ń jó o mọ́ inú ni, kì í ṣeé yọ. Ẹni tí kò bá ní ọwọ́ iṣẹ́ yìí, kí ó má ṣí i.

Ibodè kẹta: ó kọ ọ́ sójú pé òun kò rí ibi tí òun yóò ti jí. Ní èdè tirẹ̀, yóò kọ “No bootable device” tàbí “Boot device not found”. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá fíláàṣì kan wà lára rẹ̀. Nígbà míì, inú fíláàṣì náà ló ń wá Windows sí. Bí kò bá sí fíláàṣì, dísìkì ló ní àìsàn, tàbí kí ó ti yẹ̀ ní ihò rẹ̀.

Níhìn-ín, ẹ fetí sílẹ̀. Dísìkì àtijọ́ tó ń yí nínú, bó bá ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, ó ń kú lọ ni. Ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má sì tàn án mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tàn án láti fi dán an wò, ó lè máa ha ìwé yín dànù. Dísìkì ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní SSD kì í dún, òun a máa kú láìkígbe. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ ìyọwé ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó máa kọ́kọ́ tà yín ní òmíràn.

Ibodè kẹrin: Windows kò dìde. Ibí ni tiwa há sí. Bí Windows bá kùnà bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta léra, òun fúnra rẹ̀ sábà máa ń ṣí ojú ewé ìtọ́jú. Ẹ yan “Troubleshoot”, lẹ́yìn náà “Advanced options”. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú “Startup Repair”. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ yan “Startup Settings”, ẹ tẹ “Restart”, ẹ wá tẹ nọ́ńbà 4. Èyí ni yóò gbé e dìde ní Safe Mode, bí aláìsàn tó kọ́kọ́ ń mu ẹ̀kọ kí ó tó jẹ iyán: àwọn ohun tó pọn dandan nìkan ni yóò gbé dìde. Bó bá jí báyìí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ dà kọ.

Lójú ewé kan náà ni ẹ ó ti rí “Reset this PC”. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹnu ọ̀nà méjì ló ní. “Remove everything” yóò pa ohun gbogbo rẹ́. “Keep my files” yóò fi fáìlì yín sílẹ̀, ṣùgbọ́n yóò yọ àwọn ètò tí ẹ fi sínú rẹ̀, ètò ìṣirò ẹgbẹ́ náà sì lè bá a lọ. Kò sí èyí tí a gbọdọ̀ tẹ̀ nínú méjèèjì kí a tó ní ẹ̀dà lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé àwa kékeré nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, CrowdStrike, fi àtúnṣe kan tó ní àbùkù ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà rẹ̀ káàkiri ayé. Microsoft ṣírò rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ojú wọn di búlúù, wọ́n ń kú, wọ́n ń jí, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfúrufú kò gbéra lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ dúró ní ilé ìwòsàn àti báńkì. Báwo ni wọ́n ṣe wò ó sàn? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba fọ́mààtì. Ẹnì kan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà, ó wọ Safe Mode, ó pa fáìlì kan tó ní àbùkù rẹ́, ó tún un tàn. Ìyẹn náà ni pé àìsàn tó ń dẹ́rù ba ni lè jẹ́ ti fáìlì kan péré.

Ṣùgbọ́n ìyà kan jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Dísìkì wọn wà ní títì pẹ̀lú BitLocker, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ńbà 48. Ẹni tí kò mọ ibi tí nọ́ńbà tirẹ̀ wà dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Ẹ lọ wo kọ̀ǹpútà yín lónìí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí BitLocker bá wà lórí rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, kí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí.

Ibodè karùn-ún: ó jí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kú. Ẹ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Bó bá gbóná janjan, eruku ló sábà máa ń fà á. Eruku ọyẹ́ àti eruku ọjà a máa dí ihò tí fáànù ń gbà mí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń lò ó lórí bẹ́ẹ̀dì ń fi tìmùtìmù dí i nímú. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ da ìwé kọ, kí ẹ tó gbé e lọ fún fífọ̀ eruku.

BÍ A ṢE YỌ ÌWÉ TIWA

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ọ̀nà kìíní ni Safe Mode tí a ti sọ. Ọ̀nà kejì ni fíláàṣì tí a ti fi Ubuntu sí láti ara kọ̀ǹpútà mìíràn. Kọ̀ǹpútà tó dákú lè jí láti ara fíláàṣì yẹn láì fọwọ́ kan Windows rẹ̀, bí a bá sì yan pé a kàn fẹ́ dán an wò ni, a ó rí dísìkì wa, a ó da ìwé kọ. Ọ̀nà kẹta ni pé kí a yọ dísìkì náà, kí a fi sínú àpótí kékeré tó ní okùn USB, kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó yá. Ọ̀nà kẹta yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa gbà. Ó gbà á títí di ọjọ́ kejì, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti fọ́mààtì lọ, ṣùgbọ́n ìwé oṣù mẹ́rin jáde.

Fáìlì kan ṣoṣo ni kò ṣí: ti ọjọ́ Ẹtì náà gan-an, èyí tí akọ̀wé ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. A kó ẹ̀dà rìsíìtì ọjọ́ náà jọ, a sì ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mú ìwé ìfowópamọ́ wọn wá. Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ fi ń dúró dè wá nìyẹn. Lọ́jọ́ náà ni ìyá kan tó ń ta ata san ₦45,000, tó sì fi parí ẹ̀yáwó rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti rìsíìtì tó so mọ́ ìdí aṣọ, ìwé wa ì bá pè é ní ajigbèsè lójú gbogbo ẹgbẹ́, kò bá má sì rí ẹ̀yáwó mìíràn gbà. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹ̀rọ lọ!

BÍ A BÁ GBÉ E LỌ SỌ́DỌ̀ ONÍṢẸ́

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, “Ẹ má fọ́mààtì ẹ̀ kí a tó gba ìwé inú rẹ̀.” Kí oníṣẹ́ kọ ọ́ sára rìsíìtì. Kí a kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kí a tó fi sílẹ̀. Bó bá pààrọ̀ dísìkì, kí a gba ògbólógbòó padà, nítorí orúkọ àti owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀. Kí a má sì kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

OHUN TÍ A TI YÍ PADÀ

Ìgbìmọ̀ ti fi ẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin, a sì ń rọ ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ta ọjà láti ṣe bákan náà.

1. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ìwé ẹgbẹ́ ń ní: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí dísìkì tó wà lọ́wọ́ ìyá akápò, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni à ń ṣe é. A sì ń ṣí ẹ̀dà náà wò, nítorí ẹ̀dà tí a kò ṣí wò, ìrètí lásán ni.

2. A ti ra bátìrì tuntun. Kọ̀ǹpútà kò ní í gbé ara lé jẹnẹrétọ̀ nìkan mọ́, a sì ń pa kọ̀ǹpútà kí a tó pa jẹnẹrétọ̀.

3. Bí akọ̀wé bá kọ orúkọ mẹ́wàá, ó gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì ìfipamọ́, kí ó tó kọ ìkọkànlá.

4. Rìsíìtì onípépà kò ní í tán nínú ẹgbẹ́ yìí. Kí oníkálukú tọ́jú tirẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá kú lálẹ́ òní, ìwé ọjọ́ mélòó ni yóò bá a lọ?
2. Ta ni ó mọ ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ wà yàtọ̀ sí ìwọ?
3. Ǹjẹ́ ìwé ìfowópamọ́ rẹ bá ìwé ẹgbẹ́ mu? Mú un wá kí a jọ wò ó.

Ẹni tí ìbéèrè kìíní bá ba lẹ́rù, kí ó má dúró de ìpàdé. Kí ó lọ ra fíláàṣì lónìí. Ó dìgbà o.